Limited Edition: Kí Ni Nọ́ńbà Ara Mọ́tò Yẹn Ń Ṣèlérí Gan-an?

Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Lamborghini ní ilẹ̀ Ítálì gbé mọ́tò kan jáde tí wọ́n pè ní Sián. Wọ́n ní 63 péré làwọn máa ṣe, nítorí pé ọdún 1963 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí Sián mìíràn tún fi dé, èyí tí kò lórùlé, 19 péré. Ó dáa, mélòó ni Sián tó wà láyé báyìí, ṣé 63 ni àbí 82?

Limited edition ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti sọ ṣáájú pé iye báyìí lòun máa ṣe, bí iye náà bá ti pé, ó tán nìyẹn. Ní ti supercar, àwọn mọ́tò eré tí owó ọ̀kan lè wọ mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sábà máa ń kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 17 nínú 63, bí àpẹẹrẹ. Àdéhùn ni irin yẹn. Ó ń sọ fún ẹni tó rà á pé mọ́tò tó ń jẹ́ orúkọ yìí kò ní kọjá 63. Kò sọ pé a ò ní ṣe àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní sí nínú mọ́tò mìíràn. Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò, títí kan àwọn ọmọ wa ní Adó-Èkìtì tí ìròyìn mọ́tò kì í kọjá wọn lórí fóònù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ "Limited" tí ẹ ń rí lẹ́yìn Toyota Highlander tàbí 4Runner tókùnbọ̀ tó ń gba títì wa kọjá. Ìyẹn kò kan iye rárá. Orúkọ ìpele ni, ìpele tó ní àga aláwọ àti àwọn nǹkan afẹ́ tí ìpele ìsàlẹ̀ kò ní. Bí ọjà bá ṣe ń gbà á ni Toyota ṣe ń ṣe é. Bí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín bá tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn bu owó lé e bíi pé mọ́tò tó ṣọ̀wọ́n ni, ẹ má dá a lóhùn.

Limited edition ti gidi kò fi ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀. Eré ìdíje wà lára ohun tó bí i. Àjọ FIA, tó ń ṣètò eré mọ́tò lágbàáyé, máa ń ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbé mọ́tò wá sí irú ìdíje kan kọ́kọ́ ṣe iye kan pàtó irú rẹ̀. Homologation ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan lọ ro mọ́tò àrà ọ̀tọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, kó wá fi gba ife lọ́wọ́ àwọn tó ń fi mọ́tò tí wọ́n ń tà lọ́jà sáré. Fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Group B, 200 ni wọ́n béèrè. Torí ìyẹn ni Ferrari ṣe gbé 288 GTO jáde ní 1984, wọ́n sì ṣe é dé 272. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo èyí: iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé ni 200 yẹn, kì í ṣe iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mọ́tò náà ṣọ̀wọ́n nítorí pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

F40 tẹ̀ lé e ní 1987, nígbà tí Ferrari pé ogójì ọdún. Bíi 400 ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Àwọn oníbàárà ò yéé wá, àwọn náà ò sì yéé ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró ní 1992, ó ti lé ní 1,300. Síbẹ̀ n kò tíì rí olólùfẹ́ mọ́tò tó fi F40 ṣẹ̀sín nítorí pé ó pọ̀. Àrà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju iye rẹ̀ lọ.

Nígbà tó kan F50 ní 1995, nǹkan yí padà. Wọ́n ní 349 péré ni, torí wọ́n gbà pé 350 ni ọjà lè gbà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé láti ẹnu Enzo Ferrari, ẹni tó dá Ferrari sílẹ̀, ló ti wá, pé kí Ferrari máa ṣe mọ́tò ní ẹyọ kan dín sí iye tí ọjà ń béèrè. Láti ìgbà yẹn ni àìtó mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tà. LaFerrari dé ní 2013, 499 ni wọ́n pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní àárín gbùngbùn Ítálì ní 2016, wọ́n ṣe ẹyọ kan sí i, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 7 dọ́là fún àwọn tí àjálù náà bá. Ta ló máa bá wọn jà lórí ìyẹn? Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni LaFerrari Aperta jáde, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí, 210. Ẹni tó ti ń rò pé 499 ni gbogbo rẹ̀ ní láti tún un rò.

Bugatti ló wá sọ ọ́ di àṣà. Chiron jáde ní 2016, 500. Ẹ́ńjìnnì W16, ìyẹn onísílíńdà 16, tó wà nínú rẹ̀ náà ni wọ́n gbé sínú Divo, 40, Centodieci, 10, La Voiture Noire, ẹyọ kan ṣoṣo, Bolide tí kì í rin títì, 40, àti Mistral, 99. Ẹ ro ó pọ̀: 690, ká má tíì ka àwọn àkànṣe mìíràn. Veyron tó ṣáájú Chiron, 450 ni, ṣùgbọ́n nínú 450 yẹn náà ni wọ́n tún ti fa àwọn ẹ̀dà kéékèèké yọ, tí ọ̀dà àti awọ wọn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyàtọ̀. Ọ̀wọ́ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi ṣèrántí àwọn èèyàn ńlá inú ìtàn Bugatti: ẹ̀dà mẹ́fà, 3 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ní àǹkárá yìí ti tán, ẹni tó yára ló rí i gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì, bátánì kan náà á tún dé, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹni tó sọ pé ó tán kò purọ́: aláwọ̀ búlúù ló tán.

Ní ọgbà àwọn mekaníìkì kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, mo bá ọmọ iṣẹ́ kan tó ń fi Lamborghini Centenario han ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá ti dojú bo Corolla kan, ó ń fi ìka nu ọ́ìlì dúdú tó ń sun lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, kó lè rí ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. 40 péré ni wọ́n ṣe láyé. 20 lórùlé, 20 ò ní."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ẹ́ńjìnnì wo ló wà ńbẹ̀?"

Ọmọ náà tún fóònù wò. "V12 ni sà. Ti Aventador, wọ́n kàn fi agbára kún un."

"Gíá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ti Aventador náà ni sà."

"Ó dáa. Bá mi mú sípánà 10 wá."

Ìbéèrè ọ̀gá yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí òun gan-an ló yẹ ká máa béèrè. Aventador, mọ́tò Lamborghini mìíràn, jáde ní 2011. Ẹ́ńjìnnì V12 rẹ̀ náà ló wà nínú Veneno, 3 fún títà, tí 9 aláìlórùlé tún tẹ̀ lé e; òun ló wà nínú Centenario 40; òun ló wà nínú Sián 63 àti 19 rẹ̀; òun náà ló sì wà nínú Countach tuntun ti 2021, 112. Ẹ́ńjìnnì ńlá ni o, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dé pẹ̀lú ariwo pé irú òun kò ní sí mọ́, òmíràn sì dé kí a tó mọ ohun tí ti tẹ́lẹ̀ lè ṣe lójú ọ̀nà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí àwa máa rà. Àwòrán wọn ni a lẹ̀ mọ́ ògiri láti kékeré, orúkọ wọn la sì mọ̀ lórí bí ẹni mọ oríkì. Bí orúkọ bá ti wá pọ̀ tó báyìí láàárín ọdún mẹ́wàá, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ èyí tó yẹ kó fọkàn sí.

Owó ló fà á, kò sì le láti rí ìdí rẹ̀. Àtiṣe ẹ́ńjìnnì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ ń jẹ owó rẹpẹtẹ, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àtiyí ara mọ́tò tó ti wà padà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, tí àwọn olówó á sì ti san àsansílẹ̀ kí aráyé tó rí àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni allocation wà, ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ ló ń yan ẹni tó máa tà fún. Owó nìkan ò tó. Wọ́n máa wo iye mọ́tò wọn tí o ti rà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan wá ń ra èyí tí kò wù wọ́n, kí orúkọ wọn lè wà nínú ìwé nígbà tí èyí tó wù wọ́n bá dé. Ford náà ṣe irú rẹ̀ fún Ford GT: èèyàn ní láti kọ̀wé béèrè, kó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní tà á láàárín oṣù 24. John Cena, gbajúmọ̀ ajàkadì ará Amẹ́ríkà, ta tirẹ̀. Ford gbé e lọ sí kóòtù ní 2017, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo wọn la máa dà pọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ kékeré bíi Pagani, iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe ẹgbẹ̀rún mọ́tò bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Koenigsegg ní Swídìn ní 50 ni CC850 máa jẹ́, ní ọdún 2022 tí ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ pé ẹni 50 ọdún. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ jù, wọ́n kéde ní gbangba pé ó ti di 70. Mo lè gba ìyẹn. Lamborghini pàápàá ṣe ohun tó wú mi lórí: nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Felicity Ace jóná tó sì rì sínú òkun Àtìláńtíìkì ní 2022, àwọn Aventador Ultimae tó kẹ́yìn wà nínú ẹrù rẹ̀, wọ́n sì tún iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ parí bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè ṣe èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò wọn.

Ẹni tó ń ra mọ́tò báyìí torí èrè ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Porsche ṣe 911 R ní 2016, 991 péré, gíá aláfọwọ́yí, kò sí ìyẹ́ ńlá lẹ́yìn. Kíá ni àwọn tó rà á ti ń pe owó rẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní 2017, Porsche mú 911 GT3 Touring jáde: gíá aláfọwọ́yí, kò sí ìyẹ́ ńlá lẹ́yìn. Kò sí iye kankan tí wọ́n fi há a mọ́. Owó 911 R já wálẹ̀. Wọn ò ṣe ẹyọ kan kún 991, àdéhùn ara irin yẹn ò yẹ̀. Ohun tí àwọn olówó rò pé àwọn rà ni kò sí nínú àdéhùn náà.

Ìgbà mìíràn, ọjà ni kì í gba iye tí wọ́n pè. McLaren ní 399 ni Elva máa jẹ́. Wọ́n gé e sí 249, wọ́n tún gé e sí 149. Àwọn tó san àsansílẹ̀ fún Jaguar XJ220 nígbà tí owó ń ṣàn ní òpin ọdún 1980 sí 1989 tiẹ̀ dé kóòtù nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀ tí wọn ò fẹ́ mọ́tò náà mọ́. Wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì V12 hàn wọ́n ní 1988, V6 ni wọ́n bá nínú rẹ̀ nígbà tó dé.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí nọ́ńbà kékeré lára mọ́tò ńlá, ẹ wádìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ wádìí àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n yan iye náà ni àbí ibi tí iṣẹ́ parí sí ni. McLaren F1 tí wọ́n ṣe láàárín 1992 sí 1998, 106 ló jẹ́. Kò sẹ́ni tó yan 106 fún un. Wọ́n ń retí àtità jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà ni kò gbà á. Ọ̀kan nínú wọn di mílíọ̀nù 20 dọ́là àti díẹ̀ ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní 2021. Nígbà tí McLaren gbé Speedtail jáde ní 2018, wọ́n ní 106 làwọn máa ṣe, gbogbo rẹ̀ ló sì ti ní olówó kí aráyé tó rí i.