Gbèdéke Mẹ́mórì: Kí VPS Kan Má Baà Kó Bá Ìyókù

Bí VPS (ìpín sáfà tí a yà sọ́tọ̀ fún oníbàárà kan) bíi mélòó kan bá ń gbé inú ẹ̀rọ Linux kan ṣoṣo, mẹ́mórì ló ń dá wàhálà tó le jù sílẹ̀ láàárín wọn. Èyí tó bá ń lo CPU lálòjù yóò mú kí àwọn yòókù falẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jẹ mẹ́mórì tán, iṣẹ́ ẹlòmíràn lè kú, nítorí pé kernel (ọkàn Linux tó ń pín mẹ́mórì àti CPU) yóò wo gbogbo inú ẹ̀rọ, yóò mú ètò tó gba mẹ́mórì jù, yóò sì pa á. Ohun tí à ń pè ní OOM killer (OOM: out of memory, mẹ́mórì ti tán) nìyẹn. Bó bá jẹ́ dátábéèsì oníbàárà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló tóbi jù lọ́jọ́ náà, òun ni yóò fara gbá a.

Ìdí rèé tí a fi ń fi gbèdéke sí i. Cgroup ni irinṣẹ́ tí Linux fi ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Google ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ó wọ inú kernel 2.6.24 ní 2008, ẹ̀yà kejì rẹ̀ sì dé pẹ̀lú kernel 4.5 ní 2016. Ẹ̀yà kejì yìí ni mo ń bá bọ̀.

VPS tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà (èyí tó ń lo kernel ẹ̀rọ náà gan-an, tí kò ní tirẹ̀) ní fódà tirẹ̀ lábẹ́ /sys/fs/cgroup. Ẹ óò rí fáìlì memory.max níbẹ̀. Òpin tí kò ṣe é kọjá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ 4G síbẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí VPS bá kan òpin yẹn, tí kernel kò sì rí nǹkan kan gbà padà nínú rẹ̀, pípa ló kù. Kò sí ìkìlọ̀ fún oníbàárà, kò sì sí fún ẹ̀yin náà.

Fáìlì tí mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn ni memory.high. Bí VPS bá kọjá nọ́ńbà inú èyí, kernel kò ní pa ohunkóhun. Ńṣe ni yóò fa ìjánu àwọn ètò rẹ̀, tí yóò sì máa fi agbára gba mẹ́mórì padà lọ́wọ́ wọn. Oníbàárà á rí i pé wẹ́bùsáìtì òun ti ń falẹ̀, á ké sí yín, ẹ óò sì ráyè wádìí ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń mí. Fún VPS 4G tí cgroup rẹ̀ ń jẹ́ vps3.slice, báyìí ni mo ṣe máa ń fi í:

systemctl set-property vps3.slice MemoryHigh=3584M MemoryMax=4G MemorySwapMax=512M

Ẹ má fo ti swap (àyè orí dísíìkì tí a ń lò bíi mẹ́mórì) yẹn o. Bí ẹ kò bá fi òpin sí i, VPS tí mẹ́mórì rẹ̀ kún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrù sínú swap, dísíìkì tí gbogbo wọn jọ ń lò á sì gbóná fún gbogbo ilé.

Ibi tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni memory.current, fáìlì tó ń fi iye mẹ́mórì tí VPS ń lò hàn. Wọ́n á rí 3.4G níbẹ̀, àyà wọn á já. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ètò ń lò. Fáìlì tí ètò bá ti kà, kernel máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mórì nítorí àtikà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń kà á mọ́ ìpín VPS náà. Bí àyè bá há, èyí tí kò sí àyípadà nínú rẹ̀ ló rọrùn jù láti jù sílẹ̀. Ẹ ṣí memory.stat, kí ẹ wo ìlà méjì: anon àti file. Anon ni mẹ́mórì tí àwọn ètò dì mú fúnra wọn. Bí anon bá jẹ́ 1.2G tí file jẹ́ 2G, ara VPS yẹn yá. Bí anon bá jẹ́ 3.3G, ẹ tètè pe oníbàárà yín.

Nígbà tí nǹkan bá sì kú, ẹ ka dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ṣe) dáadáa kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. “Memory cgroup out of memory: Killed process” ń sọ pé VPS kan ló kan òpin ti ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ “Out of memory: Killed process” nìkan, ẹ̀rọ ńlá tó gbé gbogbo VPS fúnra rẹ̀ ni mẹ́mórì tán nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ni. Ti ìkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín mẹ́mórì ló ni ín: ẹ ti pín kọjá ohun tó wà nílẹ̀, tàbí ẹ kò ṣẹ́ kù fún kernel àti ètò bákọ́ọ̀pù.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn oníbàárà láàmú. Nínú kọ̀ǹténà tí kò ní lxcfs (irinṣẹ́ tó ń fi ìpín kọ̀ǹténà nìkan hàn án), àṣẹ free ń fi mẹ́mórì ẹ̀rọ ńlá hàn. Ètò tó bá ń wo nọ́ńbà yẹn kó tó pinnu bí òun yóò ṣe tóbi tó, á rí 64G, á sì máa náwó tí kò ní. Java àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yà 10 àti 8u191.

Ti KVM, irinṣẹ́ Linux tó ń sọ VPS di odindi ẹ̀rọ tirẹ̀, yàtọ̀. VPS kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀, ojú ètò kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ńlá fi ń wò ó. Bí mẹ́mórì ẹ̀rọ ńlá bá wá tán, odindi VPS lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, lórí KVM, mi ò kì í pín ju mẹ́mórì tó wà nínú ẹ̀rọ lọ.

Ṣé kí ẹ fi kún gbèdéke ẹnì kan? Ẹ lọ wo memory.events rẹ̀, fáìlì tó ń ka iye ìgbà tó kọjá memory.high (high) àti iye ètò tí OOM killer pa (oom_kill), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí bákọ́ọ̀pù ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà iwájú high bá ń gòkè lójoojúmọ́, tí anon náà sì ń ga sí i, ẹ fi kún un. Bó bá jẹ́ pé alẹ́ bákọ́ọ̀pù nìkan ni high ń gòkè, tí oom_kill sì wà ní 0, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.