Ethanol àti methanol: bí a ṣe ń ka orúkọ kẹ́míkà

Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò láàárọ̀ kùtù máa ń dùn, torí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwúkàrà inú rẹ̀ á ti sọ púpọ̀ nínú ṣúgà náà di ọtí. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ bá a nínú akèrègbè, ó ti ń kan. Ọtí yẹn ni wọ́n ń pè ní ethanol lórí pátákó kíláàsì. Ọ̀kan nínú ohun tó ń mú un kan ni ethanoic acid.

Ní Èkìtì tí wọ́n ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn yìí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ló kàn ń há orúkọ méjèèjì sórí. Wàhálà lásán ni. Òfin ni wọ́n fi so irú orúkọ wọ̀nyí, ẹni tó bá sì mọ òfin náà lè ya àwòrán ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà láìrí i rí. Ó jọ orúkọ àmútọ̀runwá: ẹni tó gbọ́ pé ọmọ kan ń jẹ́ Ìgè ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló fi wáyé, kódà bí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ló ń sọ iye kábọ̀n, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó jẹ́ eegun ẹ̀yìn irú ohun bẹ́ẹ̀, tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Meth- jẹ́ ẹyọ kan, eth- jẹ́ méjì, prop- mẹ́ta, but- mẹ́rin. Mẹ́rin yìí ló yẹ kéèyàn há sórí lóòótọ́. Láti orí márùn-ún lọ, òǹkà àwọn Gíríìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀: pent-, hex-, hept-. Àárín orúkọ ń sọ bí àwọn kábọ̀n náà ṣe di ara wọn mú: -an- ni ìdè ẹyọ kan, -en- ìdè méjì, -yn- ìdè mẹ́ta. Ìparí ló ń sọ ìdílé tí ohun náà ti wá. -ol ni ìdílé ọtí, níbi tí ọ́síjìn kan tó di háídrójìn mú ti so mọ́ kábọ̀n. -Oic acid ni ìdílé ásíìdì. Eth, an, ol: kábọ̀n méjì, ìdè ẹyọ kan, ọtí.

Nọ́ńbà kì í wọ ọ̀rọ̀ náà títí kábọ̀n fi pé mẹ́ta. Nínú ethanol, apá yòówù kí ọ́síjìn so mọ́, ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n tí kábọ̀n bá di mẹ́ta, ó lè so mọ́ ìpẹ̀kun, ìyẹn propan-1-ol, ó sì lè so mọ́ àárín, ìyẹn propan-2-ol tó máa ń wà nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ọwọ́. Ìpẹ̀kun tó bá sún mọ́ ọ́síjìn jù ni wọ́n ti ń kà á, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ń jẹ́ butan-3-ol. Butan-2-ol ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kà á.

Láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n bá ti rí nǹkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Formic acid, tó ń jẹ́ methanoic acid nínú òfin tuntun, ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ara èèrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́. Ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì pàdé ní Geneva láti fi òfin lélẹ̀. IUPAC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ló ń tún un ṣe títí dòní. Síbẹ̀, IUPAC fúnra rẹ̀ ṣì gba acetic acid láàyè, bí ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ń sọ pé ethanoic acid ni kí ọmọ kọ.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti le jù ni lẹ́tà M kan ṣoṣo. Methanol kò ní àwọ̀, ethanol náà kò ní. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ahọ́n kò sì ṣeé gbára lé. Tí methanol bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di methanal, yóò sì di methanoic acid. Iye kábọ̀n kò yí, ìparí orúkọ nìkan ló ń yí (-al jẹ́ ìdílé mìíràn, tó wà láàárín ọtí àti ásíìdì), bí ethanol náà ṣe ń di ethanal tó sì ń di ethanoic acid. Ara mọ bó ṣe ń lo ethanoic acid. Methanoic acid ló máa ń kó jọ, tó sì ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá Èkìtì pààlà, àwọn kan fọ́jú, àwọn mìíràn kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró.

Kì í ṣe gbogbo ike ló máa ń kọ methanol sára. Òmíràn á kọ methyl alcohol, òmíràn wood alcohol, orúkọ àtijọ́ tó ti wà kí ìpàdé Geneva tó wáyé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn.