Cogitate: ìrònú tí a ń rò kiri inú

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC ní Àkúrẹ́ lè bá cogitate pàdé nínú ìwé kíkà, kó sì rò pé think náà ló wọ agbádá. Ó kù díẹ̀. Think gba gbogbo ìrònú, títí kan èyí tó kàn sọ sí ni lọ́kàn tó sì tún sá lọ. Ẹni tó ń cogitate ti jókòó ti ọ̀rọ̀ kan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, kò sì tíì fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná.

Èdè Látìn ló ti wá. Agere ni àwọn ará Róòmù ń lò fún kí èèyàn da ẹran lọ, tàbí kó ṣe nǹkan. Bí ìṣe náà bá di àṣetúnṣe, wọ́n á pè é ní agitare: dídà lemọ́lemọ́, mímì, rírú sókè. (Òun náà ló bí agitation, tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí àwọn kan bá ń bèèrè ìpínlẹ̀ tuntun.) Wọ́n fi co-, ìyẹn “pọ̀”, síwájú rẹ̀, coagitare sì súnkì di cogitare: kí a máa ru nǹkan pọ̀ nínú ọkàn.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. A ń ro ọ̀rọ̀, a sì ń ro àmàlà. Ohùn kan náà ni rò méjèèjì. Ẹni tó bá ti di ọmọrogùn mú rí mọ̀ pé àmàlà tí a kò rò dáadáa á ní kókó.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, so cogitare mọ́ cogere, kíkó jọ: èrò tó fọ́n ká nínú ìrántí ni ẹni tó ń ronú ń ṣà jọ. Èyí ló sún mọ́ ṣàṣàrò, tí Sáàmù kìíní lò fún ẹni tó ń ronú sí òfin Olúwa tọ̀sán-tòru. Àmọ́ ìfọkànsìn wà nínú ṣàṣàrò. Làálàá orí ló pọ̀ jù nínú cogitate.

Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ cogito di olókìkí. Èdè Faransé ló kọ́kọ́ fi tẹ gbólóhùn rẹ̀ jáde ní 1637; cogito, ergo sum, “mo ń ronú, nítorí náà mo wà”, tẹ̀ lé e ní Látìn ní 1644.

Bí a bá máa lò ó lónìí, on, over tàbí about ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ lè cogitate lórí àbá òfin fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó dúró ní Ọjà Ọba, tó ń wo èwo ni kí òun wọ̀ nínú ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò cogitate, àfi tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín.