Pásíwọ́ọ̀dù: orin tí Ajá ń kọ sí ìyá rẹ̀

Pásíwọ́ọ̀dù ni tọmọdé tàgbà ń pè é ní Òṣogbo níbí. Àwọn mìíràn ń pè é ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ọ̀nà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i dáadáa, torí aṣìnà ti yàtọ̀.) Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ìtàn Ajá àti Ìjàpá ni mo kọ́kọ́ máa ń pa fún wọn.

Nígbà ìyàn, Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá dé, á kọrin, ìyá á sọ okùn sílẹ̀, á fà á gòkè lọ jẹun. Ìjàpá lúgọ, ó gbọ́ orin náà, òun náà lọ kọ ọ́. Okùn sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá ìtàn dúró, tí mo ń bi wọ́n pé: kí ló dé tí ìyá Ajá fi ń fa Ìjàpá? Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan dáhùn pé, "Tíṣà, kò rí i. Orin nìkan ló gbọ́."

Bí pásíwọ́ọ̀dù ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ìwọ ni lójú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi tó kí á máa sọ fún ọmọ pé "má sọ fún àjèjì." Ìjàpá kì í ṣe àjèjì sí Ajá. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi sọ nọ́ńbà tó ń ṣí fóònù ìyá rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dátà ti tán, ìsọkúsọ sì ti lọ sórí WhatsApp àwọn oníbàárà tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá náà. Òbí tàbí alágbàtọ́ nìkan ni kí ọmọ sọ tirẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, fi pásíwọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, ti tẹ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù náà jáde sórí ìwé kí ó lè fi ti ẹlòmíràn wọlé, torí wákàtí tí wọ́n fún un lórí ẹ̀rọ kò tó o.

Mo máa ń ya àpótí sójú pátákó. Àpótí kan gba òdo dé mẹ́sàn-án: ọ̀nà 10. Méjì, 100. Mẹ́ta, 1,000. Mẹ́rin, 10,000! Ariwo á sọ. Mo wá ní kí kálukú kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó bá wù ú sórí bébà. Nígbà tí mo kó wọn jọ, ọdún ìbí ló pọ̀ jù: 2015, 2016, 2017. Nínú 10,000, mẹ́ta péré ni olè máa dán wò. Àwa àgbà náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n jí pásíwọ́ọ̀dù tó lé ní 32 mílíọ̀nù kó lọ́dọ̀ RockYou, iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, ní 2009, 123456 ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Gígùn ló ń dá olè lágara. Mo ní kí wọ́n to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀, kí wọ́n ṣà á lójú ọ̀nà ilé: ewúrẹ́ ní Ọjà Ọba, kẹ̀kẹ́ ní Ọláìyá, agboòrùn, ìkòkò aró. Ó di ewurekekeagbooruniko­koaro. (Èyí ti di ti gbogbo ayé, ẹ má lò ó.)

Ní ti nọ́ńbà tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, orin ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọmọ kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni tó bá pè.

Ajá tètè kígbe, ìyá sì gé okùn kí Ìjàpá tó dókè. Ìyá ọmọbìnrin yẹn kò nà án nígbà tó jẹ́wọ́; àwọn méjèèjì jọ yí nọ́ńbà náà padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Lọ́jọ́ kejì ní kíláàsì, ó fi ọwọ́ òsì bo kíbọ́ọ̀dù kí èmi pàápàá má baà rí ohun tó ń tẹ̀.