Òṣùwọ̀n Kan Náà: Ibi Tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ tú orúkọ náà wò: alájẹṣẹ́kù, ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ, nítorí oko ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ oníṣu kì í jẹ iṣu ọdún tán. Bó ti wù kí ebi mú ilé tó, iṣu kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún èbù, torí ẹni tó bá jẹ èbù ti jẹ oko àmọ́dún. Àwọn tó fi orúkọ yìí pe ẹgbẹ́ adáwójọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àṣà ọ̀hún ti pẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ní Ìgbómìnà, ní Ìbọ̀lọ́, àti láàárín àwọn Èkìtì tó wà ní Kwara, àáró ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ dé. Bàbá mi ṣe é nígbà èwe rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́yìn Òmù-Àrán, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ojú mi ló ṣe. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ kò tíì gbẹ le, àsìkò ebè iṣu dé nìyẹn. Ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ á pàdé ní ìdájí, wọ́n á forí lé oko ẹnì kan. Igba ebè, ìyẹn 200, ni òṣùwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti kọ ogún, á gbé òkúta kan sílẹ̀ létí oko. Tí òkúta rẹ̀ bá pé mẹ́wàá, ó ti parí, ó lè lọ jókòó sábẹ́ igi. Olóko ló ń bọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, oko ẹlòmíràn ló kàn. Nígbà tí wọ́n bá fi yí i po tán, ebè 1,200 á ti wà lóko olúkúlùkù wọn, kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún ẹnì kan.

Gbèsè ni àáró. Ẹni tó bá ṣàìsàn, àwọn tó kù á kọ ebè tirẹ̀ fún un, ara rẹ̀ á sì yá, á wá san án. Bí ara kò bá yá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tàbí àbúrò rẹ̀ ló máa gbé ọkọ́ dé. Bàbá mi sọ fún mi pé àgbà kan wà nínú wọn tó máa ń gbé ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ ebè, láti wò ó bóyá ó ga tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá kọ ebè pẹ́ńpẹ́ lóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ́ńpẹ́ ni wọn yóò kọ lóko tirẹ̀. Gbogbo ojú ló rí òkúta, gbogbo ojú ló rí ebè. Mo ti ronú lórí ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹgbẹ́ wà: òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo èèyàn, tí kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀, ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Á sè, á pọntí, àwọn èèyàn á wá lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Wọn kì í kà á.

Ohun tí àáró jẹ́ fún apá ni èésú jẹ́ fún owó. Àwọn èèyàn á dá iye kan náà lọ́jọ́ ọjà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Àwọn obìnrin wa fi ra ìkòkò, wọ́n fi san owó ilé ìwé ọmọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: wọ́n ń pè é ní susu ní Trinidad títí di òní, wọ́n ń pè é ní asue ní Bahamas. Èèyàn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ju ara rẹ̀ lọ, tó sì tún rí ẹni tí yóò fọkàn tán débi pé wọ́n á jọ kówó jọ, inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fúnra wọn ló sọ pé èésú kò lérè, iye tí a bá dá la ń kó. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Àáró pàápàá parí sí orí ebè, kò bá àgbẹ̀ dé ọjà. Nígbà tí ìyàn bá mú, tàbí tí òkú bá sùn nílé, ọ̀dọ̀ olówó sogúndogójì ni àgbẹ̀ ń sá lọ, níbi tí ogún tó yá ti ń di ogójì. Láyé àtijọ́, ó lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe, orí èlé ni wọ́n ń kà á sí, ojú owó á sì wà níbẹ̀ digbí. Èyí tó sún mọ́ tiwa ni alágbàtà tó ń wá ra pákí nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀, lóṣù tí àgbẹ̀ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ gàrí ló wá rà, ọpọ́n ńlá tó gbé wá látilé ló fi ń wọ̀n ọ́n, ó ń tà á pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Àgbẹ̀ tó gbìn ín pàdánù, ìyá tó rà á ní Ìlọrin náà pàdánù.

Nítorí èyí, nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní ìpilẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òde òní, ó dà bí pé ọjà wa ni wọ́n ń ròyìn. Rochdale ni ìlú náà, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń gba owó táṣẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń ra oúnjẹ tí wọ́n ti lú. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọlọ́jà máa ń po ẹfun mọ́ fúláwà. Èèyàn 28 bẹ̀rẹ̀ sí í dá pẹ́ńsì méjì méjì lọ́sẹ̀, títí wọ́n fi rí pọ́n-ùn 28 kó jọ. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan sí òpópónà Toad Lane. Bọ́tà, ṣúgà, fúláwà, óòtì àti àbẹ́là nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé ojúlówó ọjà ni àwọn yóò máa tà, pé òṣùwọ̀n àwọn yóò pé, pé ìbò kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ì báà ṣe olówó tàbí tálákà, àti pé bí èrè bá wà, bí kálukú ṣe rajà tó ni yóò gbà nínú rẹ̀. Èrè tí wọ́n ń pín yìí ni ìṣẹ́kù tí èésú kò ní.

Ọ̀nà tí irú ẹgbẹ́ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ní Jámánì, Friedrich Wilhelm Raiffeisen, tó jẹ́ olórí ìlú láàárín àwọn àgbẹ̀, dá ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó sílẹ̀ ní 1864 kí àgbẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ olówó èlé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú irú rẹ̀ lọ sí Íńdíà, wọ́n ṣòfin rẹ̀ níbẹ̀ ní 1904. C. F. Strickland, tó ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Punjab ní Íńdíà níbẹ̀, ni wọ́n rán wá sí Nàìjíríà. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934, òfin sì jáde ní 1935. Wọn kò bá ilẹ̀ ní òfìfo. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀kọ́ ní Àgége ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1907, tí J. K. Coker ṣáájú wọn. Ní 1937, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kọ̀kọ́ Gbédùn, lẹ́bàá Ìbàdàn, forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tuntun náà.

Kọ̀kọ́ ni ìjọba ń wá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ni èyí tó ń kó irè lọ sí èbúté, tí yóò sá kọ̀kọ́ dáadáa kó má bàa bu. Pákí, iṣu, àgbàdo, òkà bàbà, ẹ̀wà, ohun tí àwa fúnra wa ń jẹ, kò sí nínú èrò wọn. Ìlọrin tún wà lábẹ́ Àríwá, nígbà tí ìlú kọ̀kọ́ wà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ìlú wa tó ń gbin kọ̀kọ́ lápá Èkìtì Kwara, bí Òbó àti Ọ̀sí, jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu, bóyá ní Òrò tàbí Ìgbàjà, kò rí nǹkan kan. Ó dùn mí, torí ibẹ̀ ni a ti kọ́ pé oúnjẹ ilé kì í ṣe ohun tí a ń dá ẹgbẹ́ lé lórí.

Ìgbà tí ìjọba wá yíjú sí oúnjẹ, owó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú. Ètò Operation Feed the Nation bẹ̀rẹ̀ ní 1976, Green Revolution tẹ̀ lé e ní 1980. Ajílẹ̀ wà, ẹ̀yáwó wà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́. Nígbà tí ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anchor Borrowers dé ní 2015, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n tún béèrè. Mo mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ọ̀kan rí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọ orúkọ èèyàn 25 sínú ìwé. Àwọn kan nínú wọn kò tẹ oko láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ìwé. Owó dé, wọ́n pín in níwájú ilé alága, a kò sì tún pàdé mọ́. Kò sí ẹni tó dá kọ́bọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé báwo ni. Ojú ṣì ń tì mí pé ọwọ́ mi ló kọ orúkọ wọ̀nyẹn. Kí Anchor Borrowers tó dé, lápá àríwá ìpínlẹ̀ wa, ní Shonga, ìjọba ti kó àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun 13 wá láti Zimbabwe ní nǹkan bí 2005, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ 1,000 hẹ́kítà. Èmi kò kórìíra oko ńlá. Ṣùgbọ́n gàrí tí mo jẹ láàárọ̀ yìí, oko tí ẹsẹ̀ lè yí po kí oòrùn tó mú ni ó ti wá.

Lọ́nà Àjàsẹ́ Ìpo, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, ni mo ti ń rà á. Èésú ni àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ ń dá. Nígbà tó yá, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má kó o fún ọdún kan, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa rin pákí. Ọjọ́ tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni èésú wọn di alájẹṣẹ́kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n jọ ń bó o, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń rìn ín, wọ́n ń dì í sápò, wọ́n sì ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yan án kí ó tó lo ọjọ́ tó yẹ kó fi kan, nítorí ará Ìlọrin a máa fi ahọ́n mọ gàrí tí wọ́n kánjú yan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jọ̀ ọ́, wọ́n á bọ́ sídìí agbada. Ojú máa ń ta wọ́n nínú èéfín yẹn, igbá tí wọ́n fi ń rò ó kì í sì í dúró.

Kóńgò kan ló wà nínú ahéré wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún létí, ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n sì so ó kọ́ síbi tí gbogbo ojú ti ń rí i. Òun ni wọ́n fi ń wọn gàrí ọmọ ẹgbẹ́ wọlé, òun náà ni wọ́n fi ń tà fún wa. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lára owó tí wọ́n bá pa, wọ́n ń yọ ti epo ẹ̀rọ, wọ́n ń yọ èyí tí wọ́n fi ń yá ara wọn, kí wọ́n tó pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí kóńgò tí kálukú mú wá ṣe pọ̀ tó.

Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn ti bímọ ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn tó kù ti hú pákí rẹ̀, wọ́n ti yan án, kóńgò 40 gbáko. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé, ó gbé bírò dúró.

“Ìyá àgbà, abẹ́ kí ni kí n kọ èyí sí? Ṣé abẹ́ ẹ̀yáwó ni?”

Ìyá náà kò gbójú kúrò nídìí agbada.

“Kọ ọ́ pé àáró ni.”