“Ó ti bímọ, ó ti parí”: ó ku ọkàn

Níbi ìkómọ ní Kàbbà tàbí Ìsánlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ni. Ó ti bímọ, ó ti parí.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ibi ọmọ ló ń fa wàhálà náà, bó bá sì ti jáde, àrùn yóò máa rọlẹ̀. Ìyókù ló ń súni.

Ọjọ́ 3 sí 6 lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ga jù, nígbà tí omi tó wú ẹsẹ̀ ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọmọ ti délé nígbà náà, ìyá ọkọ ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, gbogbo ilé ń múra ọjọ́ kẹjọ.

Ti ọkàn ló le jù. Oyún nìkan ń fi nǹkan bí ìdajì kún ẹ̀jẹ̀ ara. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá tún fún pọ̀, ẹrù ọkàn di oríṣi méjì, ògiri apá òsì rẹ̀ a nípọn bí apá ẹni tó ń gún iyán lójoojúmọ́. Ohun tó nípọn a sì máa le: ó lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, kó má lè tú sílẹ̀ dáadáa láti gba òmíràn. Wọ́n á ya echo, àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù, ìwé á ní ọkàn ń ti 60 nínú ẹ̀jẹ̀ 100 jáde, ẹbí á dúpẹ́. Nọ́ńbà yẹn kò sọ nǹkan kan nípa títúsílẹ̀. Ẹni tó wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì nìkan ló ń jẹ́rìí pé ó ń ṣí dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọ́ padà sí ẹ̀dọ̀fóró, obìnrin lè máa mí hẹlẹ pẹ̀lú 60 rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bi dókítà nípa ìnípọn ògiri àti títúsílẹ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ni ọkàn wọn ń bàjẹ́ o. Ti ọ̀pọ̀ ń padà sípò láàárín oṣù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu àrùn ọkàn lọ́jọ́ iwájú tó ìlọ́po 2 ti ẹlòmíràn fún ẹni tí purotéènì bá ìfúnpá yẹn jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọ̀sẹ̀ 6: kó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà ní ìpele àyà, kó má sọ̀rọ̀. Tó bá tó 140/90, kó padà sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá tó 160/110, kó má sun ilé mọ́jú. Bí kò bá lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tó ń to ìrọ̀rí mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń wúkọ́ lóru, ẹ má pè é ní àárẹ̀ ìyá ọmọ, ẹ má sì fi káún sí ọbẹ̀ rẹ̀.