Ṣé èèyàn lè gbàgbé orúkọ ara ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Agatha Christie

Àwa tá à ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wọ́n máa ń bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni iyè èèyàn lè rá débi pé kò ní mọ orúkọ ara ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ táá máa jẹun, táá máa bá èèyàn ṣeré, táá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílùú míì. Ó ń ṣẹlẹ̀ o. Ẹ wo Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn nílùú Òyìnbó.

Ọdún 1926 le fún un gan-an. Oṣù kẹrin ni ìyá ẹ̀ kú, kó tó ṣọ̀fọ̀ yẹn tán, oṣù kẹjọ, ọkọ ẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́, Nancy Neele lòun fẹ́. Alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ó gbé mọ́tò jáde nílé wọn ní Sunningdale, ó fi ọmọ ẹ̀ ọdún méje sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́ wọ́n rí mọ́tò náà ní Newlands Corner ní Surrey, òun ò sí níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá àtàwọn ará ìlú tú gbogbo igbó, wọ́n tiẹ̀ fi bààlúù wá a. Ọjọ́ 14 oṣù yẹn ni wọ́n tó rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate, orúkọ tó fi gba yàrá ni Mrs Neele láti Cape Town!

Torí orúkọ yẹn làwọn kan ṣe ń sọ dòní pé ó kàn fẹ́ dójú ti ọkọ ẹ̀ ni. Dókítà méjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní iyè ẹ̀ ló rá lóòótọ́. Èmi fara mọ́ wọn, torí ohun tó ń dun èèyàn jù lè ṣẹ́ kù lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó bá ti gbàgbé ara ẹ̀.

Dissociative fugue là ń pè é, ìdààmú ńlá ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe èpè. Tó bá ṣe èèyàn yín, ẹ má nà án, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù kíákíá, torí orí tó fara gbá nǹkan, wárápá tàbí oògùn lè ṣe irú ẹ̀. Tí iyè ẹ̀ bá wá sọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ohun tó lé e jáde ṣì wà nílẹ̀ ń dúró dè é, ẹ rọra bi í bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa gbé èrò náà sí i lọ́kàn, tó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá dókítà.